Pèrègún Tí A Gbìn Sínú Igbó Ìjọba

Bí ẹ bá ń wá iṣẹ́ tí yóò máa bí yín nínú láti ọjọ́ tí ẹ gbà á títí di ọjọ́ tí ẹ fẹ̀yìn tì, tí kò sì ní yé bí yín nínú lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì, ẹ wá ṣọ́ igbó ìjọba. Èmi ṣe é. Èmi Kàsálì, tí àwọn ará Irolu ń pè ní Bàbá Fọ́rẹ́sìtì, ni mò ń bá yín sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ tó ń jáde ilé ìwé ládùúgbò wa máa ń wá bi mí pé, "Bàbá, ṣé iṣẹ́ yín yẹn dáa?" Mo ti dá wọn lóhùn títí ó fi sú mi. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹni tó bá tún wá bi mí lè lọ kà á, kí n rí ààyè jókòó.

Ẹ má bi mí ní orúkọ igbó náà. Bí mo bá dárúkọ rẹ̀ níhìn-ín lónìí, àwọn ọmọ onílẹ̀ á ti gé e ní pílọ́ọ̀tì pílọ́ọ̀tì kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ó wà láàárín Irolu àti Òde Rẹ́mọ, pé ìsun omi kan wà ní àárín gbùngbùn rẹ̀ tí kì í gbẹ bí ẹ̀ẹ̀rùn ti wù kó mú tó, àti pé odò tó ti inú ìsun yẹn ṣàn wá ni àwọn abúlé tó yí igbó náà ká ń mu.

Bí mo ṣe gba iṣẹ́ náà kò gùn. Ìdílé olóbì ni wá ní Ṣàgámù. Bàbá wa ní oko obì ní ẹ̀gbẹ́ igbó yẹn, ẹ̀gbọ́n mi, tó ti di Alájì Sùnmọ́nù báyìí, ló sì jókòó ti òwò náà. Èmi kò ní sùúrù kéèyàn máa ṣa obì, kó máa fi ewé wé e, kó tún máa tú u wò bóyá kòkòrò ti débẹ̀. Ìjọba ń wá ẹ̀ṣọ́ igbó, mo lọ, wọ́n mú mi. Ní ti owó oṣù rẹ̀, ẹ jẹ́ ká fojú fò ó, ká má bàa fi àárọ̀ kùtù ba ara wa nínú jẹ́.

Ọ̀gá tí wọ́n fi mí sí lábẹ́ ni Ọ̀gá Ṣóṣanyà, ọmọ Òde Rẹ́mọ, ọkùnrin tínínrín kan tí kì í rẹ́rìn-ín títí oúnjẹ ọ̀sán yóò fi dà nínú rẹ̀. Òfin rẹ̀ àkọ́kọ́ ni pé ẹ̀ṣọ́ kò gbọdọ̀ jẹ ohunkóhun láti inú igbó. Èmi rò pé àwàdà ni. Ní ìgbà òjò àkọ́kọ́ tí mo bá a rìn, mo rí ìgbín níwájú, mo rí i lẹ́yìn, mo ṣa díẹ̀ sínú fìlà mi. Ó dúró, ó yíjú padà.

"Kí ló wà nínú fìlà ẹ?"

"Ìgbín ni, sà."

"Dá a padà."

Mo fẹ́ dà wọ́n sílẹ̀ níbi tí mo dúró sí. Ó ní rárá, kí n dá ìkọ̀ọ̀kan padà síbi tí mo ti mú un gan-an. Ẹ wò ó, yèsí ló mọ ibi tí òun ti mú ìgbín? À ń rìn káàkiri nínú òjò, mò ń gbé ìgbín kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi tí mo rò pé ó jọ ibi tí mo ti mú un, òun náà ń tẹ̀ lé mi, ó káwọ́ sẹ́yìn. Nígbà tí mo gbé èyí tó gbẹ̀yìn kalẹ̀, ó ní, "Bó o bá jẹ ìgbín lónìí, ẹtu lo máa jẹ lọ́la. Lọ́tùnla, agégi á wá bá ẹ, á ní, 'Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká jọ jẹ ìrókò yìí.' Ẹnu wo lo máa fi kọ̀ fún un?" Inú bí mi débi pé n kò kí i kí n tó lọ sílé. Àmọ́ láti ọjọ́ náà n kò jẹ ohun kan láti inú igbó yẹn mọ́, títí kan àgbálùmọ̀ tó jábọ́ fúnra rẹ̀.

Ó kọ́ mi ní igi bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ kéú ní álífù. Á gé èèpo igi díẹ̀, á ní kí n dijú, á fi sí mi nímú. "Kí nìyí?" Bí mo bá pe ọ̀gànwó ní ìdígbó, a ó padà sẹ́yìn lọ dúró nídìí igi náà títí ojú á fi tì mí. Ó kọ́ mi bí a ṣe ń la ààlà igbó kí koríko má bàa bò ó, àti bí a ṣe ń fi òòlù ìjọba lu ìdí igi tí wọ́n fàṣẹ sí kí wọ́n gé, kí àmì rẹ̀ lè hàn lára kùkùté. Igi tí kò bá ní àmì òòlù, olè ló gé e. Bí a ṣe mọ olè nìyẹn.

Àmọ́ ohun tó wá ń jẹ mí lọ́kàn díẹ̀díẹ̀ ni igi tó ní àmì. Ẹ̀yin èwe, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín, torí pé ibi tí gbogbo ènìyàn ti ń ṣì í nìyí. Igbó ìjọba kì í ṣe igbó tí wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn. Àká ìjọba ni. À ń lé ará abúlé kúrò níbẹ̀ kí ìjọba lè rí igi tà. Ìyá àgbà kan á wọlé wá ṣẹ́gi ìdáná, a ó lé e jáde. Lọ́jọ́ kejì, agbaṣẹ́ṣe kan tó ń ra igi á gbé ìwé àṣẹ dé láti Abẹ́òkúta, a ó sin ín dé ìdí ọ̀gànwó tó ju bàbá bàbá mi lọ lọ́jọ́ orí, a ó fi òòlù lù ú, a ó sì máa wò ó bí ó ṣe ń wó lulẹ̀. Mo bi ọ̀gá mi lọ́jọ́ kan pé, "Ọ̀gá, ta gan-an là ń ṣọ́ igbó yìí dè?"

Ó ní, "De àwọn aṣòfin ni. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọ́n máa ṣòfin pé kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ gé igi kan níbẹ̀ mọ́, títí kan ìjọba fúnra ẹ̀. Tiwa ni ká ṣáà rí i pé igbó ṣì wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà."

Ó gbà á gbọ́ gidi. Èmi náà wá gbà á gbọ́. Mo fẹ́ kí òfin yẹn dé ju bí mo ṣe fẹ́ kí wọ́n gbé mi ga lẹ́nu iṣẹ́ lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ pèrègún ti wọlé nìyí. Ọ̀gá àgbà kan wà ní olú iléeṣẹ́ nígbà náà, ọmọ Rẹ́mọ bíi tiwa, tó pàṣẹ pé kí àwọn agégi má ṣe dé ìdí ìsun omi yẹn. Ó ní kí a sàmì yí i ká. A fi ọ̀dà pupa kun àwọn igi, àwọn agégi gé èyí tí a kùn. A ri òpó símẹ́ǹtì mọ́lẹ̀, àwọn kan wú u, wọ́n fọ́ ọ, wọ́n yọ irin inú rẹ̀ lọ tà. Ni ọ̀gá àgbà bá ní, "Ẹ gbin pèrègún yí i ká. Kò sí ọmọ Rẹ́mọ tó máa gé pèrègún."

Òótọ́ ló sọ. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé nílẹ̀ wa níhìn-ín, pèrègún ni ẹbí fi ń pààlà oko. Bí ìjà ilẹ̀ bá dé, ohun tí àgbà kọ́kọ́ ń bèèrè ni, "Pèrègún dà?" Ibi tó bá wà ni ẹni tó gbìn ín dá oko dé. Ẹni tó bá hú u, ó ti wá ìjà ìran méje. Ìdí nìyí tí ọkàn Ọ̀gá Ṣóṣanyà kò fi balẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin ọ̀gá, pèrègún kì í ṣe ohun tí ìjọba ń gbìn. Olóko ní í gbìn ín." Ọ̀gá àgbà ní kó lọ gbìn ín. A lọ. Níbo la ti rí ọ̀pá pèrègún tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Oko bàbá mi ló sún mọ́ wa jù. Bàbá mi ní kí n gé e, ó tilẹ̀ bá mi dì í. A rì í mọ́lẹ̀ nígbà òjò, ó sì hù. Láti ìgbà náà, kò sí agégi kan tó kọjá pèrègún yẹn. Gbogbo wa ń yin ọ̀gá àgbà pé ọgbọ́n pọ̀ nínú rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ọdún ń gorí ọdún. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, àáké ni wọ́n fi ń gé igi. Igi kan á gba ọjọ́ kan gbáko, ẹ̀ṣọ́ á sì ti gbọ́ ìró àáké láti òkèèrè, á ti múra, á ti dé ibẹ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi ń gégi dé, kí o tó wọ bàtà rẹ tán, igi ti wó, wọ́n ti là á ní pákó, ó ti wà nínú ọkọ̀ lójú ọ̀nà márosẹ̀. Àwọn náà gun ọ̀kadà, àwa ṣì wà lórí kẹ̀kẹ́ ológeere. Nígbà tí wọ́n fi máa fún wa ní ọ̀kadà, àwọn ti ń gbé jíìpù. Mo kọ̀wé títí, kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn, àfi ẹnìkan tó ní kí n máa fi sùúrù ṣe é. Sùúrù kẹ̀! Ṣé sùúrù ni mo fẹ́ gùn lé wọn?

Nígbà ọyẹ́ ọdún kan ni iná jó igbó náà. Àwọn ọdẹ tó ń wá ọ̀yà ló dáná sun koríko ní ìhà ìwọ̀ oòrùn kí ẹran lè sá jáde, afẹ́fẹ́ sì gbé e wọnú igbó. A já ẹ̀ka tútù, a ń fi lu iná. Àwọn ará abúlé jáde, tọkùnrin tobìnrin, títí kan àwọn tí a ti ń lé kúrò níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Iná ń fò lórí wa láti orí igi kan sí òmíràn. Mo rí ọ̀bọ tó gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó sáré gba àárín wa kọjá, kò bẹ̀rù wa, a kò sì rí tiẹ̀ rò. Nígbà tí iná yóò fi kú, ìdá kan nínú mẹ́ta igbó náà ti di eérú. Iná kò dé ìdí ìsun omi. Ọ̀gá Ṣóṣanyà fa èéfín púpọ̀ sínú, ikọ́ tó tibẹ̀ wá kò sì fi í sílẹ̀ mọ́ títí ó fi kú. Mo sunkún rẹ̀ ju bí mo ṣe sunkún bàbá mi lọ.

Ẹ wá gbọ́ èyí. Ọ̀gá tuntun kan dé láti olú iléeṣẹ́ wá wo ibi tó jó. Ó dúró sórí eérú pẹ̀lú bàtà tó ń dán, ó ní, "Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i." Mo rò pé ó fẹ́ kí a tún igi gbìn ni. Rárá o. Ó ní ibi tó ti jó kì í ṣe igbó mọ́, pé àwọn oníléeṣẹ́ tí àyè ti há mọ́ ní ọ̀nà Ogijo ń wá ilẹ̀. Ìwé kan ṣoṣo láti ọ́fíìsì ni wọ́n fi yọ ọ́ kúrò nínú igbó ìjọba. Ìwé kan! Kò sẹ́ni tó pe ìpàdé, kò sẹ́ni tó bi ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ náà ni ohun tí ọ̀gá mi ń sọ nípa òfin tó yé mi dáadáa. Ohun tí ìwé fi sílẹ̀, ìwé lè gbà á padà. Màlúù tí kò nírù, Olúwa ní í bá a lé eṣinṣin, ṣùgbọ́n igbó tí kò lófin, àwa ẹ̀ṣọ́ tí kò ní jíìpù ni wọ́n ní ká bá a lé e.

Mo ti fẹ̀yìn tì kí òfin náà tó yọjú. Aṣòfin obìnrin kan ló gbé e wá sílé ìgbìmọ̀ ní Abẹ́òkúta: pé kí ohun tó kù nínú igbó yẹn di ibi tí a fi sílẹ̀ bí Ọlọ́run ṣe dá a, kò ní sí gígé igi, kò ní sí oko, kò ní sí ọ̀nà ọkọ̀, kò sì sí ọ́fíìsì tó lè fi ìwé tú u ká. Nígbà tí mo gbọ́ ọ lórí rédíò, mo dìde, mo tún jókòó. Ìyàwó mi bi mí pé ta ló kú. Mo ní kò sẹ́ni tó kú, inú mi ló dùn.

Ayọ̀ yẹn kò tó oṣù kan. Bí ìròyìn òfin ṣe kàn ni ẹbí mẹ́ta jáde pé àwọn ló nilẹ̀. Ẹ̀rí wọn? Pèrègún! Wọ́n ní bí kì í bá ṣe pé baba ńlá àwọn ti dáko dé ìdí ìsun omi kí ìjọba tó gbà á, ta ló gbin pèrègún sí àárín igbó? Ẹbí mẹ́ta, pèrègún kan náà. Ẹbí tiwa wà nínú wọn, ẹ̀gbọ́n mi Alájì ló sì ṣáájú.

Ó wá bá mi nílé lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀ kí àwọn aṣòfin wá gbọ́ tẹnu ará ìlú ní Ṣàgámù.

"Kàsálì, mo gbọ́ pé wọ́n pè ẹ́ síbẹ̀."

"Wọ́n pè mí, ẹ̀gbọ́n mi."

"Kí lo fẹ́ sọ?"

"Pé àwa la gbìn ín. Ẹ̀yin náà mọ̀. Ìṣojú yín ni bàbá ṣe bá mi di ọ̀pá rẹ̀."

Ó tẹjú mọ́ mi. "Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Dẹ̀dẹ̀ wa, gbogbo ẹbí, la máa jẹ níbẹ̀, ọmọ tìẹ náà á jẹ. Bó o bá lọ wí bẹ́ẹ̀, má wulẹ̀ wá sí ìpàdé ẹbí mọ́. Bí mo bá kú, má wá."

Ó dùn mí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Òun ló gbé mi pọ̀n dé ilé kéú. Àmọ́ inú tún bí mi. Àgbà tó mọ òótọ́, tó lọ sí Mẹ́kà, tó wá ń halẹ̀ mọ́ mi nítorí pèrègún!

Gbọ̀ngàn kún lọ́jọ́ náà. Máàpù mẹ́ta ni ìjọba gbé wá, kò sí èyí tó bá èkejì mu. Ọ̀dọ́mọkùnrin awọnlẹ̀ kan yẹ fóònù rẹ̀ wò, ó ní ààlà igbó gba inú mọ́ṣáláṣí Irolu kọjá. Àwọn ènìyàn hó lé e lórí. Ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó sọ̀rọ̀ bí olóbì tó mọ ọjà rẹ̀ í polówó: "Yèsí ń gbin pèrègún sórí ilẹ̀ tí kì í ṣe tiẹ̀?" Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un títí.

Wọ́n pè mí. Mo ní àwa ẹ̀ṣọ́ igbó la gbìn ín, pé àṣẹ ìjọba ni, pé ará Rẹ́mọ kan kò dáko níbẹ̀ rí. Mo rí ojú aṣòfin obìnrin yẹn tó tàn. Ni lọ́yà àwọn ẹbí, ọmọ kékeré kan tó wọ kóòtù dúdú nínú ooru, bá dìde jẹ́jẹ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, Bàbá. Àwọn ọ̀pá pèrègún yẹn, ṣé ìjọba ló fún yín ni?"

"Rárá."

"Níbo lẹ ti gé wọn?"

Kí ni ẹ fẹ́ kí n wí? Mo ti búra. "Nínú oko bàbá mi ni."

Ó yíjú sí gbọ̀ngàn. "Ṣé ẹ gbọ́? Pèrègún bàbá wọn ni."

Ẹ̀rín tó bú jáde níbẹ̀, mo ṣì ń gbọ́ ọ. Àwọn aṣòfin pàápàá ń fi ìwé bo ẹnu. Mo ń pariwo pé, "Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé!" ẹni tó ń gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn kiri sì ti mú un lọ. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni wọ́n ń ra èké.

Wọ́n ṣòfin náà ṣá. Gómìnà bu ọwọ́ lù ú, wọ́n ya fọ́tò. Àmọ́ láti tẹ́ gbogbo ènìyàn lọ́rùn, wọ́n ní ibi tí pèrègún dé ni ilẹ̀ àwọn ẹbí dé, inú pèrègún nìkan sì ni òfin máa dáàbò bò. Pèrègún tí a gbìn kí wọ́n má bàa wọ àárín igbó ni wọ́n fi gba gbogbo etí igbó. Wọ́n ti tà á báyìí. Ẹbí mi rí tiwọn gbà, síbẹ̀ wọn kò pè mí sí ìpàdé mọ́. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ṣàìsàn, mo lọ, wọ́n ní ó ń sùn. Mo jókòó sí ìta títí ilẹ̀ fi ń ṣú, mo sì padà sílé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bèèrè iṣẹ́, ohun tí mo ní í sọ fún yín rèé. Òfin náà ní kí wọ́n gba ẹ̀ṣọ́ tuntun. Wọn kò tíì gba ẹyọ kan. Mo ti lọ bèèrè ní Abẹ́òkúta, wọ́n rán mi láti yàrá kan sí òmíràn, wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà wà lórí tábìlì ẹnìkan. Bí wọ́n bá kéde rẹ̀, kí ẹni tí ara rẹ̀ le lára yín lọ. N kò ní parọ́ fún yín pé ẹ ó gbádùn rẹ̀. Àmọ́ omi tí ẹ ń mu ń bọ̀ láti ibẹ̀.

Kí wọ́n tó gbà yín, èmi ni mò ń lọ wò ó. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì nínú ibi tí òfin ní kí ẹnikẹ́ni má dé. Kí n tó rìn débẹ̀, òógùn ti bò mí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló wà nídìí ọ̀gànwó tó dúró lórí ìsun omi gan-an, ó ti gé e kọjá ìlàjì. Nígbà tó rí mi, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó ṣí fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ewé.

"Ẹ kú àárọ̀, Bàbá."

Mo ní, "Ṣé o mọ̀ pé òfin ti wà lórí igbó yìí?"

"Mo gbọ́ ọ lórí rédíò, sà. Ta ló wá ń ṣọ́ ọ?"

"Èmi ni."

Ó wo ọ̀pá tí mo fi ń tilẹ̀, ó wo orúnkún mi, ojú àánú ló fi wò mí. Ó tún fa okùn ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ó sì pariwo kí n lè gbọ́ ọ: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀, kí igi má bàa wó lù yín."